Ìdérí Dùùrù Tí Kò Ṣẹ Ẹnikẹ́ni

Ẹ jókòó. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá fẹ́ kú, kó lọ fi sí iná nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe fídíò tí ènìyàn lè dá dúró láàárín kó lọ mumi. Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo fà á. Ìwọ lo ti ẹnu iṣẹ́ dé láti Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, o kò tíì bọ́ bàtà, o bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló kọ́ bàbá yín ní jáàsì, kí ló sì dé tí kì í tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì bí bàbá rẹ̀ ti fẹ́. O rò pé ìbéèrè méjì lo bèèrè. Ẹyọ kan ni.

Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀yin ọmọ Tádé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti kékeré ni pé ìdérí dùùrù ló já lé bàbá yín lọ́wọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn. Mo tilẹ̀ mi orí sí i. Kì í ṣe ìdérí. Èmi ni.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni, mi ò ní mo mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó láti ìsàlẹ̀, nítorí bí ẹ kò bá mọ ilé tí orin oníkálukú wa ti wá, ẹ kò ní mọ bí òòlù ṣe bá ìka pàdé.

Níjọ́ kan báyìí mo gba Ìtòkú kọjá. Ariwo kún ibẹ̀ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń polówó aṣọ, ọlọ́kadà ń fun fèrè mọ́ ìyá arúgbó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ariwo tí etí mi ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Láyé ìgbà tiwa, bí o bá ń sún mọ́ agbolé àwọn aláró, kí imú rẹ tó gbọ́ òórùn aró ni etí rẹ á ti gbọ́ àwọn alùṣọ: gbì-gbà, gbì-gbà, gbì-gbà. Àdìrẹ tí wọ́n rẹ láró tí ó sì gbẹ kò tíì parí nígbà náà. Wọ́n á ká a, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, ọkùnrin méjì á jókòó kọjú síra wọn, oníkálukú pẹ̀lú òòlù onígi tó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta, wọ́n á máa lù ú ní kọ̀ọ̀kan, èyí sọ̀kalẹ̀, tọ̀hún gòkè, títí aṣọ náà á fi máa dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè ṣe irú rẹ̀. Lónìí, aṣọ tí kò fojú kan ìkòkò aró rí, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, òun náà ń jẹ́ àdìrẹ. Wọ́n ní ó rọrùn láti fọ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí kò ní nǹkan kan nínú a máa rọrùn láti fọ̀.

Inú ariwo òòlù yẹn ni Mufu, onílù wa, ti jáde. Ìyá rẹ̀ ní ìkòkò aró mẹ́rin, òun sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ń lu aṣọ fún un. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, Mufu á tún bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ máa fi wéré jí àwọn ènìyàn sí oúnjẹ sààrì, á máa lu agolo, á máa lu ohunkóhun tó bá dún. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tún Mufu jẹ́ ti Ìtòkú, ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ ti ààwẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lórí ìlù, ẹni tí kò fẹ́ jó á kúkú jáde nílé ni.

Kúnmi ló ń ta gìtá olóhùn nínípọn tí à ń pè ní béèsì. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló jókòó sí tó fi dàgbà, bàbá kan tó ń ta agídìgbo níbi ìkómọ, àpótí gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Kúnmi gbà pé òun ni ọlọ́gbọ́n náà, òun náà sì ni ọ̀mọ̀ràn. Agídìgbo kì í kánjú, Kúnmi kò sì kánjú rí. Bí a bá ní aago mẹ́rin, aago márùn-ún ló ń fọ ojú. Nínú orin pàápàá, ẹ̀yìn wa ló máa ń wà díẹ̀, bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. A pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Èmi ń kọ́? Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló bí mi, àwọn tó ń wọ fìlà pẹlẹbẹ tí wọ́n sì ń yan kiri ìlú. Tíróńpẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nítorí pé ẹnu mi pọ̀. Ọ̀gá wa ní òfin kan: ẹgbẹ́ tó ń yan kì í dúró. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, láti Aké títí dé Kútọ̀. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan sáré gba àárín wa kọjá, ọmọ tó gbé ìlù ńlá kọsẹ̀, ó kó sínú gọ́tà tìlùtìlù. A kò dúró. A fi í síbẹ̀. A yan dé Kútọ̀ láìní ìlù, ọ̀gá sì yìn wá. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín.

Bàbá yín wá láti inú ilé Tíṣà. Bàbá àgbà yín ni gbogbo ayé ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀gá akọrin, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè àfi bó bá ń kọrin. Dò-rè-mí ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ nínú ilé yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Dùùrù wà ní pálọ̀, wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti darúgbó, ó sì ti sọ fún Tíṣà pé bí ìkórè bá kọjá, Tádé lòun máa fi àga sílẹ̀ fún. Tíṣà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ rán agbádá tuntun ni, gbogbo àdúgbò sì mọ̀.

Báwo ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe pàdé jáàsì? Ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìbàrà ló ti òkè òkun kó rẹ́kọ́ọ̀dù dé, a sì ń lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Mufu ní, "Wéré nìyí. Ta ló kó o lọ fún wọn?" Kúnmi ní agídìgbo ni. Èmi ní ẹgbẹ́ tó ń yan ni, ọtí ló ń pa wọ́n. Tádé ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ní, "Orin ìsìnkú ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń darí bọ̀ láti itẹ́ òkú." Olúkúlùkù gbọ́ ilé ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ dán an wò, Tádé kọ ohùn orin náà ní dò-rè-mí fún wa. A bẹ̀rẹ̀ láti orí dò, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Àṣé dò ti tíróńpẹ́ẹ̀tì mi kì í ṣe dò ti dùùrù rẹ̀. Ariwo tó jáde níbẹ̀, bí ìgbà tí àgùntàn méjì ń sunkún ọmọ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Oṣù kan gbáko la fi jà kí a tó rí dò kan tí gbogbo wa lè jọ gbé. Mo ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Alábàtà nísinsìnyí: ọmọ kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà kan, á ṣe ìlù, á ṣe béèsì, á fun fèrè, ohun gbogbo á sì bára mu rẹ́gí. Ó dùn o. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ta lo bá jà kó tó dùn báyìí?" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

A ń ṣeré ní ilé oúnjẹ kan ní Òkè-Ìlèwó, orúkọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ló bá di pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó ránṣẹ́ pè wá fún ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Èkó. Àwa. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tí àwọn aláró kì í ráyè yún orí. A kó ara wa jọ, àwa mẹ́ta, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Mufu láti tọrọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta kì í dọ̀bálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Èkó ni wọ́n ní ká wá ti ṣe jáàsì."

"Jáàsì. Àwọn olóògùn tí mo mọ̀ tó ń ṣe jáàsì, abẹ́ igi ni wọ́n ń sá sí. Ẹ̀yin fẹ́ lọ ṣe tiyín lójú gbogbo ayé." Ó na ìka tí aró ti sọ di dúdú sí ìdì aṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ogójì aṣọ nìyẹn. Àwọn oníbàárà mi ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá kó o. Bí Mufu bá tẹ̀ lé yín, ta ni yóò lù ú?"

Kúnmi, tí kì í tètè sọ̀rọ̀, yá lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. "Àwa ni, mà."

"Ẹ̀yin wo?"

"Àwa tí ẹ ń wò yìí."

Ìyá Mufu wo ọwọ́ Tádé. "Ìwọ ọmọ Tíṣà, ọwọ́ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ yìí lo fẹ́ fi gbé òòlù?"

Tádé ní, "Ọwọ́ náà ni, mà. Ẹ má jẹ ẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà fún wa nìyẹn.

Mufu fi iṣẹ́ hàn wá. Ó ní ohun kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ mọ̀: "Ẹ má dúró. Bí aṣọ bá fẹ́ yípo, èmi ni n ó sọ pé ẹ yí i. Bí mi ò bá tíì sọ̀rọ̀, kí òòlù máa lọ." Òun àti Kúnmi kọ́kọ́ lu mẹ́wàá, èmi àti Tádé ń ká a. Àwọn obìnrin agbolé gbé àkàrà sílẹ̀, wọ́n wá ń wòran. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo Kúnmi, bí ẹni ń fi òòlù tọrọ gáfárà." Lẹ́yìn náà, Mufu ní kí èmi àti Tádé jókòó kọjú síra wa.

Ó dùn, ẹ̀yin ọmọ. Mi ò lè purọ́. Gbì tèmi, gbà tirẹ̀. Mo ń ka òsì, ọ̀tún nínú ikùn mi. Tádé ń kùn orin ìsìn kan lábẹ́ èémí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà sáré. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń rò pé orin kan náà la jọ wà. A lu aṣọ méjì, a lu ìkẹta. Orí ìkẹrin la wà nígbà tí orin rẹ̀ dé ìparí ìlà. Kí ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe ní ìparí ìlà? Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á mí. Tádé gbé òòlù rẹ̀ dúró, ó rí ibì kan tí aṣọ ti wúnjọ, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún láti tẹ́ ẹ. Èmi ń yan lọ. Níbi tí mo ti wá, a kì í dúró fún ẹni tó kó sí gọ́tà.

Tádé kò kígbe. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù ẹlòmíràn gbé. Ìyá Mufu tú gèlè, ó fi wé ọwọ́ náà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún nínú agbolé òun.

Nínú takisí tí a wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ni Tádé ti ní, "Ìdérí dùùrù ló já lé mi lọ́wọ́ o."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Bí bàbá mi bá gbọ́ pé Ìtòkú ni, tí wọ́n gbọ́ pé ìwọ ni, ẹ ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Orin wa parí nìyẹn. Mo ní ìdérí ni."

Tíṣà wá bá wa ní ilé ìwòsàn. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wò mí. "Ìdérí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Tádé ló dáhùn.

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà." Òótọ́ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Tíṣà di èjìká mi mú. "O ṣeun tí o gbé e wá. Ọlọ́run yóò rántí rẹ." Èébú ṣe é gbà, ẹ̀yin ọmọ. Ọpẹ́ ni kò ṣe é gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú irin ìtúdè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó sì tú ìdérí dùùrù náà kúrò, àwọn irin ìdè tó so ó mọ́ ara dùùrù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ti ògiri. Ìyá àgbà yín kò fi igi ṣòfò, wọ́n sá láfún lé e. Dùùrù tí ẹ bá nínú ilé yẹn, tí eyín rẹ̀ wà níta gbangba lójoojúmọ́, tí eruku kún, tí eku bímọ sí nínú, tí ẹ sì fi ń ṣeré pé erin ni, bó ṣe di bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí igi yẹn kò dá ló jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ láṣọ.

A ṣì lọ sí Èkó. Mufu àti Kúnmi ti lu ìyókù aṣọ náà, Ìyá sì ti tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Tádé ní òun ń bọ̀, ọwọ́ òsì òun kò ṣàìsàn. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi tẹ dùùrù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn tó yẹ kó tẹ̀ márùn-ún, ẹyọ kan ló ń tẹ̀, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. Àyè wá ṣí láàárín orin. Kúnmi rí ibi tó lè pẹ́ sí, Mufu rí ibi tó lè dákẹ́ sí. Èmi náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo gbé tíróńpẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu, mo dúró, mo sì gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń wí. A kò ṣeré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, a kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan wá bi Tádé pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti kọ́ ọ. Ó ní, "Ìtòkú ni, sà."

Ìka méjì kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà náà. Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò lè nà dé ibi tí dùùrù ńlá ń fẹ́. Ẹlòmíràn ló gba àga náà lẹ́yìn ìkórè. Tíṣà wọ agbádá tuntun rẹ̀ lọ kí onítọ̀hún kú oríire.

Ẹgbẹ́ wa rìn fún ọdún díẹ̀ sí i. Àwọn alùṣọ ń dín kù, Mufu ríṣẹ́ sí Èkó, ó ń ti Ìfọ̀ wọ mọ́tò lọ láàárọ̀, ó sì ń dé lálẹ́ pẹ̀lú ojú tó ti sùn ṣáájú rẹ̀. Kúnmi tí kì í tètè dé ibì kankan ni ó kọ́kọ́ lọ sọ́run. Mo ṣì máa ń dá etí sílẹ̀ fún un ní ìdajì orin tí mo bá gbọ́ lórí rédíò, pé bóyá ó ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí Tíṣà dùbúlẹ̀ àìsàn, mo lọ bá a láti jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ilé. Kí n tó là á, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o rántí ìdérí yẹn? Ìdè rẹ̀ kan ti yẹ̀ tipẹ́. Mo rí i. Mo ní n ó tún un ṣe bó bá dọjọ́ Mọ́ńdè. Èmi ni mo ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́." Mo jókòó síbẹ̀. Mo gbé omi fún un mu. Mo sọ pé, "Ẹ má rò ó mọ́, sà." Ó sì kú lọ́sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀bi mi lọ́rùn rẹ̀. Ìyẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí, Morẹ́nikẹ́, ìyẹn ni mo sì ṣe ń pa yín lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá síbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí o bèèrè, mo wọ mọ́tò lọ bá bàbá yín ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó ń fi kẹ́tùlù bomi rin ata lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Tádé, àwọn ọmọ rẹ ń bèèrè ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi ni mo lù ọ́."

Kò gbójú sókè. "Sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Sọ pé èmi ni mo dúró."

"Dúró báwo?"

"Mufu ní a kò gbọdọ̀ dúró àfi bí òun bá sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo dúró. Ìlà parí létí mi, mo rò pé ó parí létí tìrẹ náà." Ó bu omi mìíràn. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí o ń wò mí bí ajẹgbèsè, ojú rẹ ló ń tì mí."

Mo ní, "Bàbá rẹ kú, ó ń rò pé òun ni. Kí ló dé tí o kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún un?"

Ó gbé kẹ́tùlù omi náà sílẹ̀ nígbà náà, ó wò mí. "Kí n sọ pé kí ni? Kí n sọ fún Tíṣà pé ibi tí wọ́n fúnra wọn kọ́ mi pé kí n ti máa mí nínú orin, ibẹ̀ náà ni òòlù ti bá mi?"